Ta Ni Ó Tẹ Ìlú Lima Dó?

Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ìlú Lima, tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Peru, gbé ère idẹ kan padà sí ẹ̀bá gbàgede ńlá ìlú wọn. Ère Francisco Pizarro ni, ọ̀gágun Sípéènì tí wọ́n ń pè ní olùtẹ̀dó Lima. Ó gun ẹṣin, ó wọ ẹ̀wù irin, ìyẹ́ wà lórí àṣíborí rẹ̀, idà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Isabel Díaz Ayuso, olórí ìjọba ẹkùn Madrid, wá láti Sípéènì láti bá wọn ṣe ayẹyẹ náà, nítorí ọjọ́ náà ni ìlú pé ọdún 490. Wọ́n dá ọlá padà fún ẹni tí wọ́n gbà pé ọlá yẹ.

Èmi ní tèmi kò gbà. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, ní Ṣàbẹ́, ní Àjàṣẹ́, àti ní Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Peru. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá. Àwọn ará ilé wa wà ní Lima, òkò yìí sì bà wọ́n. Èmi yóò fi hàn yín bí a bá dé ibẹ̀.

Ta ni Pizarro? Ọmọ ìlú Trujillo ní ilẹ̀ Sípéènì ni, jagunjagun tí kò mọ ìwé kọ, tí kò sì mọ̀ ọ́n kà. Èmi kò fi àìmọ̀wé bú u. Àwọn baba wa tí wọ́n dá ìlú sílẹ̀ kò mọ ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ìwé wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu Pizarro náà ni mo ń wò. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1532, ó pe Atahualpa, ọba àwọn Inca, wá sí ìpàdé ní Cajamarca. Ọba wá pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbé ohun ìjà tí ó tó ìjà dání. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì yọ sí wọn láti ibi tí wọ́n lúgọ sí, wọ́n pa wọ́n ní ìpakúpa, wọ́n sì mú ọba. Atahualpa ṣèlérí pé wúrà yóò kún yàrá kan lẹ́ẹ̀kan, fàdákà yóò sì kún un lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lè tú òun sílẹ̀. Wọ́n gba wúrà, wọ́n gba fàdákà, wọ́n yọ́ wọn, wọ́n pín wọn. Ní oṣù keje ọdún 1533, wọ́n pa ọba. Ẹni tí ó gba owó ìràpadà tán, tí ó sì tún pa ẹni tí a fi owó náà rà, ọ̀dàlẹ̀ ni à ń pè é nílẹ̀ Yorùbá. A kì í pè é ní akọni.

Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1535, ó kéde ìlú kan ní etí odò Rímac, ó sì sọ ọ́ ní Ìlú Àwọn Ọba. Ibí yìí ni irọ́ àkọ́kọ́ wà, nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé ó “tẹ ìlú dó.” Ilẹ̀ náà kò ṣófo. Taulichusco ni olóyè tí ń ṣàkóso àfonífojì náà nígbà náà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní oko, wọ́n ní ojúbọ, wọ́n sì ti gbẹ́ ipa omi láti inú odò wá sí oko wọn. Omi wọn yìí ni ìlú tuntun náà ń mu. Ibi tí ilé Taulichusco wà ni Pizarro mú fún ilé ara rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ààfin ìjọba Peru wà di òní olónìí. Ní àdúgbò Miraflores, òkìtì ńlá kan tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ mọ, tí wọ́n ń pè ní Huaca Pucllana, ṣì dúró. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó bí Pizarro.

Orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ lónìí pàápàá kì í ṣe orúkọ tí ó sọ ọ́. Ìlú Àwọn Ọba ti kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Lima ni ó kù, tí ó ti ara Rímac jáde. Ní èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ìtumọ̀ Rímac ni “ẹni tí ń sọ̀rọ̀.” Onílẹ̀ kò ní ẹṣin, kò sì ní idà, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ni ó borí.

Àwa mọ ohun tí ìtẹ̀dó jẹ́. Nínú ìtàn tí Kétu ń sọ nípa ara rẹ̀, nígbà tí àwọn baba ńlá wọn dé, wọ́n bá ìyá àgbà kan lórí ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti gba iná tí wọ́n fi dáná àkọ́kọ́. Wọn kò pa á. Wọn kò sọ fún ọmọ wọn pé ilẹ̀ òfìfo ni àwọn bá. Wọ́n fi í sínú ìtàn, ọmọ Kétu tí ó bá gbọ́ ìtàn ìlú rẹ̀ lẹ́nu àgbà sì mọ̀ ọ́n. Olùtẹ̀dó tòótọ́ a máa dárúkọ ẹni tí ó bá lórí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá pa orúkọ onílẹ̀ rẹ́, a kì í pè é ní olùtẹ̀dó, ajagungbalẹ̀ ni.

Irọ́ kejì wà lára idẹ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ère yìí lè rò pé àwọn ará Lima ni wọ́n pe oníṣẹ́ ọnà wọn, kí ó lè ṣe ère baba wọn fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Charles Cary Rumsey, ni ó ṣe é, ó sì ti kú ní ọdún 1922, ọdún 13 kí ère náà tó dúró ní Lima. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n dà ní idẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀kan wà ní Buffalo ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan wà ní Trujillo ní Sípéènì láti ọdún 1929, Lima sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1935, nígbà tí ó pé ọdún 400. Ẹṣin kan náà ni, idà kan náà ni, ojú kan náà ni. Àwọn baba wa ní Ifẹ̀ da idẹ ní àwòrán orí ọba, iṣẹ́ wọn sì ń sọ ibi tí ó ti wá fún gbogbo ayé. Kí ni idẹ Rumsey lè sọ nípa Lima, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó ń sọ fún ará Lima náà ni ó ń sọ fún ará Buffalo?

Láti ìgbà náà ni ère yìí kò ti rí ibi jókòó sí. Ní ọdún 1935, iwájú kàtídírà ni wọ́n gbé e sí. Ní ọdún 1952, wọ́n gbé e lọ sí gbàgede kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ìjọba. Àwọn ènìyàn ń kùn sí i lọ́dọọdún, ayàwòrán-ilé Santiago Agurto Calvo sì wà lára àwọn tí wọ́n jà fitafita pé kí wọ́n mú un kúrò. Ní ọdún 2003, Luis Castañeda, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ìlú nígbà náà, mú un kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 2004, wọ́n gbé e sí ọgbà ìtura kan ní etí odò, tí ń jẹ́ Parque de la Muralla. Ó wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. Ẹni tí ó fẹ́ rí i lọ rí i. Ìwé ìtàn kankan kò jóná nítorí rẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò sì torí rẹ̀ gbàgbé Pizarro.

Ọ̀nà kékeré tí wọ́n ń pè ní Pasaje Santa Rosa, lẹ́bàá gbàgede ńlá, ni wọ́n wá gbé e padà sí ní 2025. Ọ̀nà yìí kan náà ni òkúta tí wọ́n fi ń rántí Taulichusco wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn méjèèjì. Òkúta lásán ni ti onílẹ̀, kò ní ojú, kò ní ọwọ́. Idẹ dídán ni ti ẹni tí ó gba ilẹ̀, ó wà lórí ẹṣin, idà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò tí kò gbọ́ èdè Sípéènì rárá yóò mọ ẹni tí ìlú ń bọlá fún nínú àwọn méjèèjì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lima mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn ará Sípéènì ẹgbẹ́ Pizarro ni wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀ ní Lima, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1541, nínú ìjà tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ń lọ sí kàtídírà láti wo òkú gbígbẹ kan tí wọ́n ní òkú Pizarro ni. Ní ọdún 1977, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún kàtídírà náà ṣe rí àpótí òjé kan, tí wọ́n kọ orúkọ Pizarro sí lára, agbárí sì wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé òkú ẹlòmíràn ni ìlú ti ń bọlá fún. Ó yẹ kí ìlú tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí máa rọra kí ó tó gbé ẹnìkan gun orí ẹṣin.

Mo ti ṣèlérí pé èmi yóò fi àwọn ará ilé wa hàn yín. Ní ọdún 1614, ìjọba ka àwọn ènìyàn Lima. Wọ́n jẹ́ 25,454. Nínú wọn, àwọn aláwọ̀ dúdú lé ní 10,000. Ìyẹn ni pé bí a bá kó ènìyàn márùn-ún jọ ní ìgboro Lima nígbà náà, méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Àwọn ni wọ́n ń po amọ̀, tí wọ́n ń mọ ilé, tí wọ́n ń ru omi, tí wọ́n ń ro oko tí ó yí ìlú ká, tí wọ́n ń se oúnjẹ, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ olówó. Ọdún 1854 ni òfin Peru tó fòpin sí oko ẹrú.

Ní ọdún 1791, ìwé ìròyìn kan ní Lima, Mercurio Peruano, kọ nípa àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì dárúkọ àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti wá. Lùkùmí wà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Kúbà mọ̀ pé orúkọ tí àwọn ará Sípéènì fi ń pe àwọn ènìyàn wa nìyẹn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà ní Lima, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń kó owó jọ, wọ́n ń jó ijó wọn. Ọwọ́ tí ó mọ ògiri Lima, ọwọ́ wa wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú náà ni ó wà ní ọkàn ìlú náà di òní. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn wọn, ẹrú kan láti Angola ni ó ya àwòrán Jésù lórí àgbélébùú sára ògiri kan ní ọdún 1651. Ilẹ̀ ríri ọdún 1655 wó ilé púpọ̀, ògiri náà kò wó. Àwòrán yìí ni Señor de los Milagros, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé ní ìgboro Lima ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, nínú aṣọ àlùkò. Martín de Porres, tí a bí ní Lima ní ọdún 1579, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira, ni póòpù kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 1962. Bí Lima bá fẹ́ wá ẹni tí ó tẹ ìlú dó, àwọn wọ̀nyí ni kí ó kọ́kọ́ bi. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo ni ó dá ìlú sílẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, ó sì ti kó o fún ẹni tí ó pàṣẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn tí wọ́n gbé ère náà padà ń sọ. Wọ́n ní ìtàn ni, ẹni tí ó bá mú un kúrò ti pa ìtàn rẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Àjàṣẹ́ tiwa. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Victor Ballot, orúkọ gómìnà Faransé. Lẹ́yìn náà ni a yí orúkọ náà padà sí Béhanzin. Ǹjẹ́ ìtàn kú? Ballot ṣì wà nínú ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kà nípa rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n bí mo ti dárúkọ rẹ̀ yìí. Ìtàn wà nínú ìwé àti lẹ́nu àgbà. Ère tí ó wà ní gbàgede kì í ṣe ìtàn. Oríkì ni, ó wà fún ìyìn. Bí ó bá sì jẹ́ oríkì, ó yẹ kí ó pé. Oríkì àwọn ọba wa kì í fi ìkà pamọ́. Akígbe a máa kí ọba, a sì máa rán an létí ogun tí kò yẹ kí ó jà àti ẹni tí kò yẹ kí ó pa, ọba a sì jókòó gbọ́ ọ. Idẹ Pizarro ka ẹṣin, ó ka idà, ó fo Atahualpa, ó fo Taulichusco, ó fo Lùkùmí.

Wọ́n tún ní èdè Sípéènì ni àwọn ará Peru ń sọ, ẹ̀sìn Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, ọmọ Pizarro ni gbogbo wọn. Èdè méjì ni ìwé wa yìí fi ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ Faransé. A kọ́ Faransé, a fi ń ṣòwò, a fi ń kọ̀wé, a kò sì tijú rẹ̀. Ṣé nítorí èyí ni kí a wá gbé gómìnà Faransé gun ẹṣin idẹ ní ọjà Àjàṣẹ́, kí a sì máa pè é ní baba wa? Ẹni tí ó bá gba èdè ti gba irinṣẹ́. Kò jẹ gbèsè ìtẹríba fún ẹni tí ó fi ipá kọ́ ọ.

Wọ́n á sì sọ pé gbogbo olùdásílẹ̀ ìlú ni ó jagun, ṣé kí a wó ère gbogbo wọn ni? Rárá. Èmi kò sọ pé kí wọ́n yọ́ idẹ Pizarro. Idẹ kò ṣẹ̀. Kí wọ́n gbé e sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n kọ gbogbo ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Cajamarca, yàrá wúrà, ikú Atahualpa, Rumsey àti Buffalo. Kí wọ́n sọ bí ó ti ń ti ibi kan dé ibòmíràn fún àádọ́rùn-ún ọdún. Ní gbàgede, kí wọ́n fún Taulichusco ní ojú àti ọwọ́, kí ó má ṣe jẹ́ òkúta lásán mọ́. Kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà tí Mercurio Peruano dárúkọ sí ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí wọn, kí Lùkùmí wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ parí sí òkèèrè. Ní ọdún 2022, wọ́n ṣí ère obìnrin ọmọ ogun Dàhọ̀mì ní Kútọnu, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Ará Agbómẹ̀ tí ó bá wò ó rí ìyá rẹ̀ tí kò bẹ̀rù òyìnbó, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti yọ̀. Ará Kétu tí ó bá wò ó rántí ọdún 1886, tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ẹni tí ó ṣe é a máa gbàgbé, ẹni tí a ṣe é sí kì í gbàgbé. Obìnrin ogun náà kì í ṣe Pizarro, ilẹ̀ rẹ̀ ni ó kú fún, èmi kò sì sọ pé kí a fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa tí a ń dá Lima lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ lè kọ ìtàn méjèèjì sí abẹ́ ère kan ní ilẹ̀ tiwa. Bí a kò bá lè ṣe é, a kò ní ẹnu láti bá Lima wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin aláṣẹ ìlú wa gbogbo, nígbà tí wọ́n bá tún mú ère kan wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ni ilẹ̀ kí ẹni yìí tó dé? Ọwọ́ ta ni ó kọ́ ohun tí à ń yìn ín fún? Ta ni yóò máa yí ojú kúrò nígbà tí ó bá ń kọjá níwájú rẹ̀? Ìlú tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbangba, kí ó da idẹ rẹ̀. Èyí tí kò bá lè dáhùn, kí ó fi owó idẹ náà gbẹ́ kànga fún àwọn ènìyàn rẹ̀.